Ẹni Kẹtàlá Nínú Ikọ̀: Ìrírí Mi Nínú Básíkẹ́ẹ̀tì Yunifásítì l'Amẹ́ríkà

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé mo gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé bíi ti Ọlájùwọ́n?" Hakeem Ọlájùwọ́n ni wọ́n ń wí, ọmọ Èkó tó di ìràwọ̀ ní NBA, líìgì àwọn tó ń fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun. Èsì mi ò yàtọ̀: rárá o, bíi ti àwọn tó jókòó sẹ́yìn Ọlájùwọ́n tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mò ń rẹ ara mi sílẹ̀. Òótọ́ ni mo ń sọ. Ní Division I, ìpele tó ga jù nínú ìdíje NCAA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì l'Amẹ́ríkà, àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ikọ̀ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní lásìkò tiwa jẹ́ 13. Èèyàn márùn-ún ló ń wà lórí pápá. Mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń wọlé rọ́pò wọn. Àwọn tó kù ńkọ́? Èmi wà lára àwọn tó kù. Ìtàn àwọn ìràwọ̀ ti kún ìgboro, kò sẹ́ni tó ń sọ tiwa, bẹ́ẹ̀ tiwa gan-an ló ṣeé ṣe jù kí ọmọ yín bá pàdé tó bá lọ.

Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Gíga ni wọ́n fi mọ̀ mí ládùúgbò. Àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń kì mí ní Agùntáṣọọ́lò kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní básíkẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́ ló rí mi, ó ní kí n máa bọ̀, mo sì lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń mú wa lọ sí káàmpù l'Ékòó, níbi tí àwọn òyìnbó àti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti gbá a lókè òkun máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń pe ara wọn ní aṣojú máa ń rọ̀gbà yí wa ká. Ọ̀kan nínú wọn wá bá Bàámi nílé, ó ní owó kékeré kan ló kù kí ìwé mi jáde. Bàámi fetí sí i títí ó fi parí. Wọ́n wá ní, "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ ní wọ́n ń wá ọmọ mi lójú méjèèjì. Ẹni tó ń wá nǹkan ló ń náwó sí i." Ọkùnrin náà ò padà wá mọ́. Mo bínú sí Bàámi, n ò lè purọ́. Ọmọ kan tí a jọ wà ní káàmpù, àwọn òbí rẹ̀ ta ilẹ̀ nítorí irú owó bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé tí wọ́n mú un lọ, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, olùkọ́ ò sí. Físà rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó mọ ohun tó ń lọ.

Ohun tó gbé mi lọ gan-an ni WAEC. Ẹ má rẹ́rìn-ín. NCAA ní ọ́fíìsì kan tó ń yẹ ìwé gbogbo ọmọ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Division I àti Division II wò. Wọ́n á wo èsì rẹ, wọ́n á sì wo ọdún tó o jáde sẹ́kọ́ńdírì, torí pé ẹni tó bá pẹ́ jù nílé lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdírì, tó sì ń gbá ìdíje kiri, wọ́n lè yọ nínú sáà mẹ́rin tí wọ́n gbà á láyè láti gbá ní yunifásítì. Ọmọ tó bá ti gé ọjọ́ orí rẹ̀ kúrú nínú páàsípọ́ọ̀tù, tí ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé sì ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Bàámi ò mọ ohun kan nípa básíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ní gbogbo àsìkò ìdánwò.

2009 ni mo dé ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní juco. Oko àlìkámà lọ rẹrẹ títí ojú ò fi tó o mọ́, tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ láti ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń sin màlúù, òórùn rẹ̀ á bá ọ dé orí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ tí mo bá níbẹ̀, máàkì àwọn kan ò tó láti wọ yunifásítì ńlá, àwọn kan ti bá kóòṣì jà níbòmíì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Hutchinson lorúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ìlú kan ní Kansas náà ni, ibẹ̀ ni àṣekágbá ìdíje ọkùnrin NJCAA, ẹgbẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, ti ń wáyé láti 1949, ibẹ̀ sì làwọn kóòṣì yunifásítì ti ń wá ṣa ọmọ. Àwa ò dé Hutchinson.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ní Kansas, ohùn ni. Nínú básíkẹ́ẹ̀tì, ẹni gíga tó dúró lábẹ́ agbọ̀n ló ń rí gbogbo pápá. Òun ló gbọ́dọ̀ ké sí ẹni tó wà níwájú pé ẹnì kan ń bọ̀ wá dènà dè ọ́ lápá òsì, pé ẹnì kan ti já sẹ́yìn rẹ. Tó bá dákẹ́, ẹni iwájú á fi àyà gbá ọkùnrin tó dúró bí ògiri. Ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, ọmọdé kì í jágbe mọ́ ẹni tó jù ú lọ, gàádì wa, ẹni iwájú yẹn, sì jù mí lọ. Mo máa ń rí i tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnu mi ò ní ṣí. Lọ́jọ́ kan kóòṣì dá ìgbáradì dúró. Ó ní kí gbogbo ikọ̀ lọ jókòó, ó ní kí àwọn mẹ́rin péré máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ káàkiri pápá, kí èmi nìkan dúró lábẹ́ agbọ̀n kí n máa ké gbogbo ohun tí mò ń rí. Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn àbájáde, ó ní tí ohùn mi ò bá dé ọ̀dọ̀ òun, àwọn tó jókòó ló máa sáré, èmi ò ní sáré. Wọ́n sáré. Wọ́n tún sáré. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí burú. Níkẹyìn, ohun tó bọ́ lẹ́nu mi, Yorùbá ni: "Ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn ẹ!" Kóòṣì ní òun gbọ́. Kò béèrè ìtumọ̀. Kó tó di Kérésìmesì, àwọn ọmọ dúdú láti Chicago àti Memphis ti ń pariwo "ẹ̀yìn!" lórí pápá, àwọn alátakò wa ò sì mọ ohun tí à ń wí.

Ojú náà tún wà ńbẹ̀. Tí kóòṣì bá ń bá mi wí, ilẹ̀ ni mò ń wò, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó rò pé mò ń fojú di òun ni. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ tiwa tó fẹ́ lọ, kó sọ èyí fún un kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú: l'ọ́hùn-ún, ẹni tí wọ́n ń bá wí ló ń wojú ẹni tó ń báni wí.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n á ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, òótọ́ sì ni, owó ilé-ìwé, yàrá, oúnjẹ, ìwé. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ìjọba Amẹ́ríkà ń gba owó-orí lórí apá tó jẹ́ yàrá àti oúnjẹ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí àdéhùn owó-orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà tó máa yọ ọ́. Gbèsè ni mo rí nínú àkáǹtì mi nílé-ìwé, èmi tí mo rò pé wọ́n ń bọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ilé wọn ò rí jájẹ ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Pell. Àlejò kò lè gbà á. Ohun tí físà F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, gbà wá láyè ni iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ìwé, kó má sì ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Mo ń to ìwé ní láìbìrì láàárọ̀ Sátidé. Oúnjẹ náà ní òfin tirẹ̀. Nígbà náà, NCAA gbà kí ilé-ìwé fi búrẹ́dì róbótó ṣe ìpanu fún agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi nǹkan pa á lójú, ó ti di oúnjẹ nìyẹn, wọ́n ti rú òfin. Mo mọ̀ pé ó jọ àwàdà. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbà kí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa jẹun bó ṣe wù wọ́n, lọ́dún tí Shabazz Napier tó gba ife pẹ̀lú UConn, Yunifásítì Connecticut, sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn alẹ́ kan wà tí òun ń febi sùn. Èmi ti parí nígbà yẹn.

Ní 2011 mo bọ́ sí yunifásítì kan tó wà ní Division I, lápá gúúsù. Ibẹ̀ ni mo ti di ẹni kẹtàlá, ibẹ̀ náà sì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù láyé.

Iṣẹ́ àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ bẹ́ǹṣì ni kí wọ́n ṣe bí alátakò. Ìdíje méjì ló máa ń wà lọ́sẹ̀, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, igbákejì kóòṣì á mú fídíò wá, á ní, "Ìwọ ni 44 wọn." Láti ìgbà yẹn, èmi kọ́ ni èmi mọ́. Tí 44 bá máa ń fi èjìká ọ̀tún ti èèyàn lẹ́ẹ̀mejì kó tó yí sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe. Tó bá jẹ́ ẹni tó máa ń sá jáde lọ ju bọ́ọ̀lù lókèèrè, èmi tí n kì í ju bọ́ọ̀lù lókèèrè á sá jáde, màá jù ú, á já sí ara pátákó, a ó sì máa bá a lọ. Sẹ́ńtà wa gan-an, ẹni gíga abẹ́ agbọ̀n tó ń wọlé ní tòótọ́, ara mi ló fi ń dánra wò. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mọ ibi gbogbo láyà mi. Lálẹ́, garawa yìnyín la jọ ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, á wá máa bi mí: "Lẹ́yìn tó ti ti ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ẹsẹ̀ wo ló ń gbé?" Màá sọ fún un. Ó ń gba àmì ẹ̀yẹ, mò ń gba yìnyín. Ṣùgbọ́n kí sáà yẹn tó parí, kò sí ẹni gíga kan nínú ìdíje wa tí n ò ti wọ ara rẹ̀ rí. Mo mọ ẹni tó máa ń mí kanlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù ìjìyà. Mo mọ ẹni tó ń fi ìbínú gbá apá kejì. Àwọn ìràwọ̀ ò mọ èyí. Ìràwọ̀ kì í wo ẹlòmíì, àwọn ẹlòmíì ló ń wò ó.

Apá yìí ni wọ́n máa ń fò nínú ìtàn Hakeem Ọlájùwọ́n náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú gbogbo àwọn tí NBA mú ní 1984, pé Houston Rockets ló mú un, pé ó gba ife ní 1994 àti 1995. Ta ló ń sọ pé nígbà tó dé Yunifásítì Houston ní 1980, kò gbá ìdíje kankan ní sáà àkọ́kọ́? Wọ́n dá a dúró kó lè kọ́ṣẹ́. Gbọ̀ngàn Fonde nínú ìlú Houston ló ti ń bá Moses Malone, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn sẹ́ńtà ayé nígbà yẹn, wọ̀yá ìjà lábẹ́ agbọ̀n. Ó sì parí yunifásítì láìgba ife: ní 1983, North Carolina State fi 54 sí 52 nà wọ́n nínú àṣekágbá, bọ́ọ̀lù ìkẹyìn wọlé bí aago ṣe ń parí. Ní 1984, Georgetown ti Patrick Ewing nà wọ́n. Ọmọ tó bá fẹ́ jọ Ọlájùwọ́n, kó bẹ̀rẹ̀ láti 1980.

Àkókò ńkọ́? Òfin ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ lò fún eré nígbà ìdíje. Òfin náà dùn létí. Ọjọ́ ìdíje, bó ti wù kó gùn tó, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń kà á sí. Ìrìn-àjò inú bọ́ọ̀sì kò sí nínú ẹ̀. Ìgbáradì tí wọ́n bá pè ní "ẹni tó bá wù" kò sí nínú ẹ̀, ẹni tí kò bá sì wù, a ó máa wá a lórí pápá títí. Inú àwókù àkókò yìí ni ìwé ti ń wáyé. Iṣẹ́ ẹnjinnía ni mo fẹ́ kà. Ọ̀sán ni yàrá ìdánrawò wọn, ọ̀sán sì ni ìgbáradì wa. Ẹni tó ń tọ́ wa sọ́nà nípa ẹ̀kọ́ fẹ́ kí n mú kọ́ọ̀sì fẹ́rẹ́fẹ́ kan tí ìdajì ikọ̀ ń ṣe. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkà lásán: NCAA ní kí agbábọ́ọ̀lù ti parí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dìgíríì rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, ìdá 60 kó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin. Ẹni tó bá yí kọ́ọ̀sì padà lágbede méjì, máàkì rẹ̀ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ lè má kà mọ́, kò sì ní lè gbá bọ́ọ̀lù. Nítorí náà wọ́n á wá ohun tí kò lè bà jẹ́ fún ọ. Mo mú ìṣirò owó, torí pé àárọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Kò sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn sáà mi àkọ́kọ́ níbẹ̀, wọ́n lé kóòṣì. Tuntun dé, ó ń pè wá sínú ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà pé mo lè rí àyè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa "níbòmíràn". Ohun tó ń wí ni pé kí n fún òun ní àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mi kí òun fi mú ọmọ tirẹ̀ wá. Títí di 2012, ọdún kan ni àdéhùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Division I, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì lè má tún un ṣe. Ẹni tó bá sì kúrò lọ sí Division I míì gbọ́dọ̀ jókòó fún ọdún kan gbáko kó tó gbá. Ọdún kan péré ló kù fún mi. Orí bá mi ṣe é, ìyá àgbà kan wà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó ti jókòó tì mí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tó ní, "Ọmọ mi, tí wọn ò bá fẹ́ tún un ṣe, dandan ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, o sì ní ẹ̀tọ́ láti lọ rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí kóòṣì kò sí nínú rẹ̀." Mo wojú kóòṣì, gẹ́gẹ́ bí Kansas ṣe kọ́ mi. Mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n dìgíríì mi ti sún mọ́lé, màá dúró. Tó bá jẹ́ pé wọn ò ní tún un ṣe, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní ìwé tí màá fi pẹjọ́. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe.

Ìgbà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ẹni kẹtàlá mi hàn sí gbangba. Sáà ìkẹyìn mi ni, nílé àwọn alátakò. Sẹ́ńtà wa ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún, wọ́n lé e jáde. Ẹni tó ń rọ́pò rẹ̀ náà ti fi ẹsẹ̀ ṣe é. Kóòṣì wo bẹ́ǹṣì, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, kò rí ẹlòmíì. Ẹni tí mo lọ dúró tì, èmi ni mo ti jẹ́ òun ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó fi èjìká tì mí lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tì mí. Mo ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló kù, mo ti kúrò níwájú rẹ̀ lọ dúró síbi tó ń bọ̀, ọwọ́ mi nílẹ̀. Ó yí, ó fi gbogbo ara kọ lù mí, mo ṣubú yakata, rẹfirí fọn fèrè: òun ló ṣẹ̀. Gbogbo bẹ́ǹṣì wa dìde. Ó tún gbìyànjú ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo tún wà níbẹ̀. A pàdánù ìdíje náà ṣá o, ìwé ìròyìn ìlú náà kò sì dárúkọ mi.

Mo gboyè ní 2013. NBA kò pè mí, wọn ò sì pe ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ wa. Èèyàn 60 péré ni wọ́n ń mú lọ́dún nígbà náà, káàkiri àgbáyé, nínú àwọn ọmọ yunifásítì sì rèé, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún tó ń dé ibẹ̀. Ìṣirò owó tí n kò fẹ́ràn náà ló ń bọ́ mi báyìí ní Texas. Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn kóòṣì kan máa ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi kí n bá wọn wo alátakò, torí ojú tí mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn kò fọ́. Masai Ujiri, ọmọ Zaria, juco ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀, ní Bismarck, North Dakota. Kò gbá bọ́ọ̀lù dé NBA. Wíwo àwọn ọmọ kiri ló fi wọlé síbẹ̀, láìgba owó níbẹ̀rẹ̀, ó sì kó ikọ̀ tó gba ife fún Toronto jọ ní 2019.

Àwọn òbí láti ilé ń pè mí báyìí. Ayé ti yí padà, n kì í fi tiwa dẹ́rù bà wọ́n. Láti 2021, ọmọ lè kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn láìjókòó fún ọdún kan. Láti oṣù Keje ọdún náà, agbábọ́ọ̀lù lè fi orúkọ rẹ̀ pawó, àwọn kan ń di olówó kí wọ́n tó gboyè. Ṣùgbọ́n físà F-1 ò tíì yí padà. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tí wọ́n dá lọ́lá ní 2022 pé kò sí agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dà bíi rẹ̀, ìgbà tí Yunifásítì Kentucky tó ń gbá fún lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bahamas ló tó rí àyè ṣe ìpolówó láìkọsẹ̀ nínú òfin, torí pé kò sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí náà mo máa ń ní kí wọ́n bi kóòṣì tó bá pè wọ́n: ọdún mélòó ni àdéhùn náà? Sẹ́ńtà mélòó lẹ ti ní? Ta ló ń san owó-orí yàrá? Kí ni àwọn ọmọ òkèèrè tó ti wà lọ́dọ̀ yín rí kà jáde? Kóòṣì tó bá bínú sí ìbéèrè yìí ti dáhùn.

Ìyá kan láti Òṣogbo fetí sí gbogbo rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń gbọ́ bí báírò ṣe ń ha ìwé. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní ìbéèrè kan ló kù: ta ni yóò máa bá ọmọ òun fọ aṣọ? Mo ní, "Mà, aṣọ ìgbáradì, àwọn ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Wọ́n á fún un ní okùn kan tó ní nọ́ńbà rẹ̀, á so ó mọ́ ọn, á jù ú sínú agbọ̀n. Aṣọ tó kù, òun fúnra rẹ̀ ni."

Wọ́n ní, "Háà. Ìyẹn ni iṣẹ́ o."